Orí Àwọn Akọni Pápá: Ohun tí Ẹ̀jẹ̀ Lè Sọ fún Wa, àti Ohun tí Kò Tíì Lè Sọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa ní ìpàdé ọdọọdún

Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ní kí a bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlera àwọn tí ń ṣeré ìdárayá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ dídá tàbí orúnkún yíyẹ̀ ni a fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà kì bá tí gùn, nítorí ìlú wa kò ṣaláìní àwọn tí ń to eegun. Ṣùgbọ́n ibi kan wà lára ènìyàn tí kò sí ẹni tí ó lè tò ó bí ó bá ti bàjẹ́ tán. Ibẹ̀ ni a yàn láti sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Orí ni, àti ọpọlọ tí ó wà nínú rẹ̀.

A kò wá síwájú yín láti ba eré ìdárayá jẹ́. Àwa olùkọ́ mọ̀ dájú pé pápá ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti ń borí láìgbéraga, àti bí a ti ń pàdánù láìbínú. Nígbà tí Hogan Bassey gba ipò akọni àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́ kíkàn ní ọdún 1957, tí Dick Tiger sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1962, orí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni ó wú. A kò dárúkọ àwọn méjèèjì nítorí pé àìsàn tí a fẹ́ sọ ni ó ṣe wọ́n. A dárúkọ wọn kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni a ní fún àwọn akọni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àtẹ́wọ́ ni gbogbo ènìyàn ń gbọ́ ní pápá. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé akọni ní ogún ọdún lẹ́yìn tí àtẹ́wọ́ ti dákẹ́, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó ń mọ̀ ọ́n.

OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ AGBÁRÍ

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹyin ṣe àpèjúwe. Bí a bá mú ẹyin tútù, tí a sì mì ín jìgìjìgì, èèpo rẹ̀ kì yóò fọ́. Ẹni tí ó bá wò ó láti òde yóò ní kò sí ohun tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí a bá la á sínú àwo, a ó rí i pé pupa àti funfun rẹ̀ ti dàpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ ti rí nínú agbárí. Ó rọ̀, inú omi ni ó sì wà. Nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá ba ènìyàn lẹ́rẹ̀kẹ́, agbárí a yí bìrí, ọpọlọ a sì máa mì tẹ̀lé e. Àwọn fọ́nrán tí ó ń gbé iṣẹ́ láti apá kan ọpọlọ dé apá kejì, tí wọ́n tín-ín-rín ju òwú aláǹtakùn lọ, a máa nà, àwọn mìíràn a sì já.

Kò di dandan kí ènìyàn dákú kí èyí tó ṣẹlẹ̀. Ìkọlù kéékèèké tí kò dun ni lójú ẹsẹ̀, bí ó bá ń wáyé lójoojúmọ́, lọ́dọọdún, láti kékeré títí di àgbà, a máa kó jọ bí ẹni kó owó sínú kòlòbó. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ńlá tí ó gbé akọni ṣánlẹ̀ níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn nìkan ni ó yẹ kí a bẹ̀rù.

BÍ AYÉ TI ṢE MỌ ÀÌSÀN NÁÀ

Ní ọdún 1928, Harrison Martland, oníṣègùn kan tí ń yẹ òkú wò ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìwé àwọn oníṣègùn pé àwọn abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò kan wà tí ìrìn wọn ń dà bí ti ọ̀mùtí, tí ọ̀rọ̀ wọn ń wọ́, tí iyè wọn sì ń ra, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mu ọtí. Àwọn òǹwòran ti mọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń rín. Martland sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àìsàn ni. Ní ọdún 1973, Corsellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlú Ọba tẹ ìwádìí jáde lórí ọpọlọ àwọn ọkùnrin 15 tí wọ́n ti kan ẹ̀ṣẹ́ nígbà ayé wọn, wọ́n sì fi àwọn ibi tí ó ti bàjẹ́ hàn.

Síbẹ̀, èrò àwọn ènìyàn ni pé àìsàn àwọn tí ń kan ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni. Ọmọ Nàìjíríà ni ó yí èrò náà padà. Bennet Omalu, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nsukka kí ó tó rékọjá sí Amẹ́ríkà, ni ó yẹ òkú Mike Webster wò ní ìlú Pittsburgh ní ọdún 2002. Webster jẹ́ olókìkí nínú irú bọ́ọ̀lù tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń gbá, èyí tí wọ́n ń gbé lọ́wọ́ sáré, tí wọ́n sì ń fi orí àti èjìká kọlu ara wọn. Ẹni 50 ọdún péré ni nígbà tí ó kú, ṣùgbọ́n iyè rẹ̀ ti dàrú tipẹ́, ohun ìní rẹ̀ ti tán, inú ọkọ̀ ni ó sì ti ń sùn nígbà mìíràn. Nígbà tí Omalu fi ojú wo ọpọlọ náà, kò rí ohun tí ó ṣe é. Kò fi mọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé e pẹlẹbẹ, ó fi ẹ̀rọ tí ń mú ohun kékeré tóbi wò ó, ó sì rí ìdìpọ̀ èròjà kan tí à ń pè ní tau níbi tí kò yẹ kí ó wà. Ní ọdún 2005 ni ó tẹ ohun tí ó rí jáde. CTE ni orúkọ tí àwọn oníṣègùn ń pe àìsàn náà. Àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù náà kọ́kọ́ ta kò ó, ṣùgbọ́n òtítọ́ kò ṣeé bò mọ́lẹ̀ títí.

Ní ọdún 2017, Ann McKee àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Boston yẹ ọpọlọ àwọn 202 tí wọ́n ti gbá irú bọ́ọ̀lù bẹ́ẹ̀ wò lẹ́yìn ikú wọn. Wọ́n rí CTE nínú 177. Nínú àwọn 111 tí wọ́n ti gbá a ní ipò gíga jùlọ, 110 ni ó ní i. Ẹ̀rù ba ayé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ra nínú ìṣirò yìí. Àwọn ìdílé tí wọ́n ti rí àmì àìsàn lára ènìyàn wọn ni wọ́n sáábà máa ń fi ọpọlọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìwádìí. Bí a bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, tí a sì ń ka àwọn tí ń wọlé, a kò lè torí èyí sọ pé gbogbo ìlú ni ó ń ṣàìsàn.

Bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá tiwa ńkọ́? Jeff Astle, tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún West Bromwich Albion ní Ìlú Ọba, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé orí rẹ̀ kì í tàsé bọ́ọ̀lù, kú ní ọdún 2002 lẹ́ni ọdún 59. Adájọ́ tí ń wádìí ikú sọ pé iṣẹ́ tí ó ṣe ni ó fa ikú rẹ̀. Ní ọdún 2014 ni wọ́n tún ọpọlọ rẹ̀ yẹ̀ wò, CTE ni wọ́n sì rí. Ní ọdún 2019, Willie Stewart àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Glasgow fi àkọsílẹ̀ àwọn 7,676 tí wọ́n ti fi bọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ ní Skọ́tíláǹdì wé ti àwọn 23,028 mìíràn tí ọjọ́ orí wọn bá tiwọn mu. Àrùn tí ń jẹ ọpọlọ ni ó pa 17 nínú 1,000 àwọn agbábọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n 5 nínú 1,000 ni ó pa nínú àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n tún rí i pé àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn, tí wọ́n máa ń fi orí kan bọ́ọ̀lù jù, ni ewu náà pọ̀ fún jùlọ. Ti àwọn aṣọ́lé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ará ìlú.

Ṣùgbọ́n ìwádìí Glasgow yìí kan náà sọ pé àrùn ọkàn kò pa àwọn agbábọ́ọ̀lù náà tó bí ó ti pa àwọn ẹlòmíràn. Eré náà ń fún ọkàn lókun, ó sì ń jẹ ọpọlọ. Ẹni tí ó bá sọ apá kan tí ó sì fi apá kejì sílẹ̀ kò sọ òtítọ́ fún yín.

ÌDÍ TÍ A FI Ń YẸ Ẹ̀JẸ̀ WÒ

Ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé òkú ni gbogbo àwọn tí a ti rí CTE lára wọn. Títí di òní, ẹ̀yìn ikú nìkan ni a lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé CTE ni ó wà nínú ọpọlọ ènìyàn. Ìbànújẹ́ ńlá ni èyí jẹ́. Ní ọdún 2020, Steve Thompson, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ife àgbáyé nínú eré rugby ní ọdún 2003, sọ ní gbangba pé òun kò rántí pé òun gba ife náà. Ìdáhùn wo ni oníṣègùn lè fún irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàyè? Èyí ni ó mú kí àwọn onímọ̀ yí ojú sí ẹ̀jẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò kò níláti gòkè lọ kí ó tó mọ̀ pé ilé amọ̀ kan ń wó lókè. Bí òjò bá ti ń rọ̀, àgbàrá yóò gbé ohun tí ó wó kọjá níwájú rẹ̀. Bí ó bá rí koríko, yóò mọ̀ pé òrùlé ni ó ń ṣí. Bí ó bá rí amọ̀ pupa, yóò mọ̀ pé ògiri ni ó ń yìnrìn. Ẹ̀jẹ̀ ni àgbàrá náà, ọpọlọ sì ni ilé. Nígbà tí fọ́nrán ọpọlọ bá fara pa, díẹ̀ nínú èròjà tí a fi mọ ọ́n a máa yọ́ sínú omi tí ó yí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ká, a sì máa ti ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Mẹ́ta nínú àwọn èròjà náà ni a ó dárúkọ. Èkíní ni NfL. Òun ni ó dà bí igi tí ó gbé fọ́nrán gígùn ró, tí kò jẹ́ kí ó ṣubú. Bí fọ́nrán bá já, NfL a dà sílẹ̀, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù. Èkejì ni tau, tí ó dà bí okùn tí ń so ọ̀nà inú fọ́nrán pọ̀ kí ó má baà tú. Òun náà ni ó máa ń dìpọ̀ nínú ọpọlọ ẹni tí ó ní CTE. Ẹ̀kẹta ni GFAP, èyí tí ó ti ara àwọn tí ń tọ́jú fọ́nrán wá, bí ìgbà tí olùtọ́jú ilé bá fara pa pọ̀ mọ́ onílé.

Ìwọ̀n wọn nínú ẹ̀jẹ̀ kéré jọjọ. NfL tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kò ju bí ìdá kan nínú 40 èyí tí ó wà nínú omi ọ̀pá ẹ̀yìn lọ. Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ ni àwọn onímọ̀ fi ń fa omi ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní Súwídìnì, wọ́n fa ti àwọn 14 tí wọ́n ń kan ẹ̀ṣẹ́ láìgba owó, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2006. Lẹ́yìn ìjà, NfL wọn ti ga sókè, ti àwọn tí ẹ̀ṣẹ́ bà lórí jù ni ó sì ga jù. Lẹ́yìn ìsinmi oṣù mẹ́ta, ó ti wálẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn: kò sí ẹnikẹ́ni nínú wọn tí a gbé ṣánlẹ̀ dé ojú ikú, síbẹ̀ àgbàrá ti gbé amọ̀. Ẹ sì tún fi èkejì sọ́kàn: ìsinmi wúlò.

Nígbà tí ẹ̀rọ tí ó lè ka ohun kékeré bẹ́ẹ̀ jáde, ẹ̀jẹ̀ apá di ohun tí a lè lò. Ní ọdún 2014, àwọn ará Súwídìnì kan náà fi hàn pé tau a máa ga nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ń gbá họ́kì lórí yìnyín láàárín wákàtí kan tí orí wọn bá gbá nǹkan. Ní ọdún 2018, FDA, àjọ tí ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí ó ń wá GFAP àti èròjà mìíràn tí a ń pè ní UCH-L1. Láàárín wákàtí 12 tí ènìyàn bá fi orí gbá nǹkan, àyẹ̀wò náà a máa ran oníṣègùn lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ó yẹ kí a gbé aláìsàn lọ sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán inú orí.

OHUN TÍ Ẹ̀JẸ̀ KÒ TÍÌ LÈ SỌ

Ìṣòro wà níhìn-ín, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fi etí sílẹ̀. Gbogbo ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ jẹ́ ti ọgbẹ́ tútù. Ọ̀rọ̀ tiwa lónìí ni ti ọkùnrin tí ó ti fi pápá sílẹ̀ láti ogún ọdún. Àgbàrá òjò àná kì í dúró de ẹni tí ó dé lónìí. Nínú ìwádìí tí wọ́n ń ṣe ní Las Vegas lórí àwọn tí ń fi ìjà ṣe iṣẹ́, àwọn tí wọ́n ṣì ń kan ẹ̀ṣẹ́ ni NfL wọn ga jùlọ. Nínú ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní ọdún 2017, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn 96 tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní ipò gíga jùlọ wò, wọ́n sì fi wé ti àwọn 25 tí wọn kò gbá a. Tau wọn kò yàtọ̀ síra lápapọ̀. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, ẹni tí orí rẹ̀ ti jẹ ìyà jù ni tau rẹ̀ sáábà ga jù. Èyí já sí pé ẹ̀jẹ̀ ń sọ nǹkan, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò tíì ṣe kedere tó láti fi dá ẹnì kan ṣoṣo lẹ́jọ́.

Ìdí kejì ni pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni ó ń gbé NfL sókè. Ọjọ́ orí ń gbé e sókè. Àìsàn kídìnrín ń gbé e sókè, àtọ̀gbẹ pẹ̀lú, àti oríṣiríṣi àrùn tí ń mú iṣan ara. Bàbá ẹni 65 ọdún tí ó ní àtọ̀gbẹ, tí ó sì ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí, bí NfL rẹ̀ bá ga, èwo nínú mẹ́ta ni kí oníṣègùn mú? Ẹni tí ó rí amọ̀ nínú àgbàrá mọ̀ pé ògiri kan ń wó. Kò mọ̀ bóyá ògiri ilé bàálẹ̀ ni tàbí ti ilé aládùúgbò rẹ̀.

Ìdí kẹta ni pé tau inú àìsàn Alzheimer àti tau inú CTE jọ ara wọn bí ìbejì. Ní ọdún 2025, FDA fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan tí ó ń ran àwọn oníṣègùn lọ́wọ́ láti mọ Alzheimer lára àwọn tí ó ti pé 55 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí iyè wọn ti ń ra. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni fún akọni tí ó ti fẹ̀yìntì, nítorí ó lè sọ bóyá Alzheimer ni ó ń bá a jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àyẹ̀wò CTE. Ìrètí wà níwájú, nítorí ní ọdún 2019 àwọn onímọ̀ fi hàn pé bí tau ti ká jọ nínú CTE yàtọ̀ sí bí ó ti ká jọ nínú Alzheimer. Bí ìbejì bá jọra títí, ìyá wọn a máa mọ àmì tí ó wà lára ọ̀kan. Àmì náà ni wọ́n ń wá nínú ẹ̀jẹ̀ nísinsìnyí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá wá sí ìlú yìí, ì báà jẹ́ pẹ̀lú aṣọ funfun àti ẹ̀rọ dídán, tí ó ní kí ẹ san owó kí òun fi ẹ̀jẹ̀ sọ fún yín bóyá CTE wà lórí bàbá yín, ẹ dá owó yín padà sápò. Kò sí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ní ibi kankan láyé lónìí. Ẹ má ṣe ta ilẹ̀ bàbá yín nítorí rẹ̀.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ NÍ ÌLÚ WA

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tíì lè sọ gbogbo rẹ̀, kí ni ìwúlò ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti ìgbà yìí? Ìdáhùn wa ni pé ohun tí ẹ̀jẹ̀ ti sọ tó láti fi ṣe ìpinnu. Ó ti sọ pé ìkọlù tí kò gbé ènìyàn ṣánlẹ̀ náà ń ṣe ọpọlọ léṣe. Ó ti sọ pé ìsinmi ń jẹ́ kí ìdàsílẹ̀ náà rọlẹ̀. Ó sì ti jẹ́rìí sí i pé ohun tí ń ṣe akọni arúgbó náà, inú ara ni ó wà. Kì í ṣe ayé ni ó ń ṣe é.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù lójú wa. Ẹ ti rí irú rẹ̀ rí. Ọkùnrin tí ó ti jẹ́ ọlọ́yàyà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ ìyàwó rẹ̀. Yóò ná owó oṣù tán lọ́jọ́ kan. Yóò bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀. Yóò fi ara pamọ́ nígbà tí ọ̀rẹ́ bá dé. Àwọn aládùúgbò a ní ó ń ṣarán kí ọjọ́ tó tó, tàbí pé ẹnìkan ni ó fi í ré, tàbí pé ìgbéraga ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ni ó ń jẹ níyà. Àwọn mìíràn a dè é mọ́lẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Àwọn àgbà ni ó sọ pé bí ojú bá ń ṣe ìpin, ojú ni à ń fi í hàn. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì sọ fún oníṣègùn láìfi ohunkóhun pamọ́ pé ó ti kan ẹ̀ṣẹ́, tàbí pé ó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún báyìí báyìí. Oníṣègùn tí kò bá gbọ́ ìtàn yìí kò lè ronú kan àìsàn náà.

Lóòótọ́, kò sí oògùn tí ń wo CTE sàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ń da iyè rú ni CTE. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àìsùn, ọtí, ìbànújẹ́ ọkàn, àti etí tí kò gbọ́ràn mọ́, gbogbo wọn ni ó ń ba iyè jẹ́, gbogbo wọn ni ó sì ní ìtọ́jú. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé kan tí ìwé àwọn oníṣègùn tí ń jẹ́ Lancet yàn ka nǹkan 14 tí ó ṣeé yẹra fún tàbí tí ó ṣeé tọ́jú, tí ń fa àrùn iyè ríra, orí fífi pa sì wà lára wọn. Wọ́n ní bí a bá lè kápá gbogbo wọn, nǹkan bí 45 nínú 100 àrùn bẹ́ẹ̀ ni a lè dènà tàbí kí a dá a dúró. Ẹni tí a kò lè gbà lọ́wọ́ ẹ̀ṣẹ́ àná, a lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ti òní.

Ní ti àwọn ọmọ wa, kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ní ọdún 2015, àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù ní Amẹ́ríkà fi òfin de fífi orí kan bọ́ọ̀lù láàárín àwọn ọmọ tí kò ju 10 ọdún lọ. Ní ọdún 2020, Skọ́tíláǹdì àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn ọmọdé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dúró láti máa fi orí kan bọ́ọ̀lù nígbà ìdánrawò. Láti ọdún 2021, àwọn àgbà pàápàá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a gbà níyànjú pé kí wọ́n má ṣe fi orí kan bọ́ọ̀lù líle ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ nínú ìdánrawò ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọdún 2024, àwọn tí ń ṣe òfin bọ́ọ̀lù fún gbogbo ayé gbà pé a lè pààrọ̀ ẹni tí orí rẹ̀ gbá nǹkan láìkà á mọ́ iye ààyè tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ní láti pààrọ̀ ènìyàn. Bí àwọn tí wọ́n dá eré náà sílẹ̀ bá ń ṣọ́ orí ọmọ wọn, kí ni ó dé tí àwa kò fi ní ṣọ́ tiwa?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àwọn baba wa ja gídígbò títí, orí wọn kò sì dàrú. Ẹ jẹ́ kí a rántí pé nínú gídígbò, ẹni tí ó bá fi ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ lélẹ̀ ni ó borí. Kì í ṣe ẹni tí ó bá lu orí rẹ̀ jù. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹni tí ó bá pe gídígbò ní ẹlẹ́rìí fún ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ẹlẹ́rìí rẹ̀ ni yóò tú u fó.

Nítorí náà, a gbé àbá mẹ́ta kalẹ̀ níwájú ẹgbẹ́, kò sì sí èyí tí ó ná wa ní owó púpọ̀ nínú wọn.

Èkíní, nínú ìdíje bọ́ọ̀lù láàárín àwọn àdúgbò, kí ó di òfin pé ẹni tí orí rẹ̀ bá gbá nǹkan, tí ó sì ń ta gọ́gọ́ọ́gọ́, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, tàbí tí kò mọ iye góòlù tí a ti gbá, kí ó jáde, kí ó má sì padà wọlé lọ́jọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ó mọ bọ́ọ̀lù gbá jù. Kí a gba ẹgbẹ́ rẹ̀ láyè láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ó sì sinmi títí ara rẹ̀ yóò fi yá pátápátá.

Èkejì, kí àwa olùkọ́ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìlú yìí dẹ́kun fífi orí kan bọ́ọ̀lù nínú ìdánrawò àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Ẹsẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n fi gbá. Bákan náà, ọmọdé tí ó bá fẹ́ kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn lè kọ́ eré sísá, okùn fífò àti bí a ti ń fi ẹ̀ṣẹ́ lu àpò iyanrìn. Kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n máa lu orí ara wọn.

Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ yan ẹnìkan ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí yóò kọ orúkọ àwọn akọni wa tí wọ́n ti fẹ̀yìntì sílẹ̀, tí yóò máa bẹ̀ wọ́n wò, tí yóò sì rí i pé a ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, a sì ń yẹ ìtọ̀ wọn wò fún àtọ̀gbẹ. Bí ọjọ́ bá dé tí ẹ̀jẹ̀ bá lè sọ gbogbo òtítọ́ nípa orí, àwọn tí a ti mọ̀ tí a sì ti ń tọ́jú ni yóò kọ́kọ́ jẹ àǹfààní rẹ̀.

Àwọn kan lè ní kí a kúkú fi òfin de eré wọ̀nyí pátápátá. A kò fara mọ́ ọn. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí a bá lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò ní pápá, ibi tí wọn yóò lọ kò ní sàn ju pápá lọ. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹni tí ó bá gbé ògo wá fún ìlú má ṣe fi iyè rẹ̀ san gbèsè ògo náà láìmọ̀. Bí ó bá sì ti san án kí a tó mọ̀, kí ìlú má ṣe sọ ọ́ di ẹni ẹ̀sín. Àgbà kì í wà ní ọjà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà ìlú wà ní ọjà lónìí, orí náà sì wà lọ́wọ́ yín.

Kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú, kí orí àwọn ọmọ wa sì pé. Àṣẹ.